Igi Méjì Lẹ́yìnkùlé Norris

Ọdún tí Norris Pell fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà ló kọ́kọ́ gbin igbó. Kò fi í pa mọ́ fún ọlọ́pàá. Ní Canberra, ìlú tó ń gbé, òfin ti gba àgbàlagbà láyè kó gbin igi méjì sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, kó sì máa fa tiẹ̀ nílé ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń dun Norris. Ọgbọ̀n ọdún lórí àga awakọ̀ ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, oògùn tí dókítà sì fún un, ńṣe ló ń mú un sùn bí òkú lọ́sàn-án gangan.

Garth Mundy, tí ọgbà onípákó là láàárín ilé òun àti ti Norris, ni ọ̀gá iṣẹ́ náà ládùúgbò. Ìgbà tí igbó ṣì ń ránni lẹ́wọ̀n ló ti ń gbìn ín. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, àwọn arúgbó mẹ́ta a máa wá jókòó sí fàráńdà rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìgò igbó tirẹ̀. Wọn a gbóòórùn ti ara wọn, wọn a jiyàn, ohun tí Garth bá sì sọ ni abẹ gé.

Norris lọ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lóṣù Òkítóbà, hóró méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Garth, kọ́ mi."

Garth wo hóró, ó wo Norris. "Kò le rárá, ọ̀rẹ́ mi. Bomi rin ín láàárọ̀, bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Má fọwọ́ kan igi kankan. Tó o bá rí i tó ń so hóró, máa yọ̀, hóró ni agbára rẹ̀."

Norris kọ ọ́ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Nígbà tó di Épírì, ó gé igi méjèèjì, ó sá wọn sábẹ́ páànù gbígbóná fún ọjọ́ méjì, ó kó òdòdó wọn sínú ìgò, ó sì gbé e lọ sí fàráńdà ní Sọ́ńdè.

Garth ṣí ìgò náà, ó ti imú bọ̀ ọ́, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí oyin ta.

"Coralie!" Ó ké sí ìyàwó Norris, tó ń sá aṣọ lódìkejì ọgbà. "Ṣé àgùntàn lọkọ ẹ ń sìn ni? Ìgbẹ́ rẹ̀ ló kó wá bá wa yìí o!"

Àwọn arúgbó rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń wúkọ́. Garth fi èékánná yọ hóró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sí àwọn ẹyẹ tó wà lórí koríko. "Ẹ̀yin ẹyẹ, ẹ wá jẹun. Norris ti gbọ́únjẹ!"

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Koríko. Alápatà ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá wọ kílọ́ọ̀bù, ẹnì kan á pariwo pé, "Koríko ti dé o, ẹ so màlúù yín!" Norris ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Ní ọdún kejì, ó ń bomi rin igi rẹ̀ méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí Una, ìyàwó Garth, yọjú lórí ọgbà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn.

"Norris, omi yẹn ò ti pọ̀ jù? Garth kì í bomi rin tiẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá gbẹ dé oríkèé ìka kejì. Ẹ̀n-ẹ́n, èyí tó wà lápá òsì yẹn, akọ mà ni. Garth á ti fà á tu. Akọ ló ń kó hóró sábo nínú, tó ń ba òdòdó rẹ̀ jẹ́."

Norris dúró, omi ń ṣàn wọ bàtà rẹ̀. "Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Garth? Kó tó fẹ́ mi ló ti mọ̀."

Norris kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọlé, ó já ìwé ara fíríìjì, ó sì ra ìwé àjákọ kan. Ó ti pẹ́ jù fún tọdún náà. Omi ti mú gbòǹgbò akọ àti abo rà, àwọn odídẹ funfun sì já orí abo lọ láàárín wákàtí kan. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún kẹta, ó ta àwọ̀n bo igi tuntun tó gbìn, ó po iyẹ̀pẹ̀ dáadáa, àwọn òdòdó náà sanra bí ìkúùkù ọmọdé. Òjò ọjọ́ mẹ́rin dé nígbà tí wọ́n fẹ́ gbó, wọ́n sì bu láti inú wá. Ìdajì ló dà nù. Èyí tó kù, nítorí pé ó yára sá a, ń ta lọ́fun bí ata.

"Koríko ti ń gòkè o," ni Garth wí. "Ó ti di koríko gbígbẹ."

Ọdún kẹrin ni nǹkan yí padà. Norris ń ré ewé inú dànù kí atẹ́gùn lè rí àyè kọjá. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń fi awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi wo òdòdó, títí oje wínníwínní bí ìrì tó wà lórí rẹ̀, tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀, fi funfun bíi wàrà, àmì pé ó ti gbó. Ó so wọ́n kọ́ sínú yàrá irinṣẹ́ tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó wá kó wọn sínú ìgò, ó ń ṣí ìdérí lójoojúmọ́ kí wọ́n mí díẹ̀.

Nígbà tó fa àkọ́kọ́ nínú wọn lóṣù Júùnù, òórùn èèpo ọsàn gba gbogbo ilé ìdáná. Èéfín náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá lọ́fun rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀.

"Norris, o ti ṣe é," ni Coralie wí.

"Jẹ́ kí Sọ́ńdè dé ná."

Ṣùgbọ́n kò sí Sọ́ńdè mọ́ ní fàráńdà Garth. Jẹjẹrẹ ti wọ inú rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀rùn, ó ti gbẹ ku egungun. Igi tirẹ̀ méjèèjì kò rẹ́ni tọ́jú wọn, òtútù ló pa wọ́n lórí ìdúró. Ní ọ̀sán Túsìdeè kan, Una kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Norris.

"Kò lè jẹun mọ́, Norris. Tó bá fa díẹ̀, ó máa ń lè gbé ọbẹ̀ mì. Tiẹ̀ ti tán. Jọ̀ọ́, bíńtín péré."

Norris nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò. "Òfin ò gbà á, Una. Kálukú ló ń gbin tiẹ̀. Téèyàn bá fún ẹlòmíì, ẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Norris!" ni Coralie ké. "Ta ló fẹ́ mú ẹ?"

"Mo ti sọ tèmi."

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ gbé ìgò náà, ó lọ sílé Garth. Bí Una ṣe rí ìgò báyìí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ Norris mú, ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ẹ," ó sì sáré lọ wá ìṣáná.

Garth wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Norris ṣí ìdérí, ó gbé ìgò sábẹ́ imú rẹ̀. Garth dijú, ó fa òórùn náà pẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ?" Ó lajú. "Ọdún mẹ́wàá ni mo lò kí n tó rí irú ẹ̀. Ọ̀gá ni ẹ́, Norris."

Ọdún mẹ́rin ni Norris ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mọ́ ọn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Garth na ọwọ́. Norris dé ìgò, ó lọ́ ìdérí rẹ̀ títí tó fi le.

"Bomi rin tìẹ láàárọ̀, bomi rin ín nírọ̀lẹ́," ló wí. "Hóró ni agbára rẹ̀."

"Kí lò ń sọ?"

"Ohun tó o kọ́ mi nìyẹn."

"Èmi? Nígbà wo?" Garth wá a lọ́kàn. Norris rí i bó ṣe ń wá a, tí kò sì rí nǹkan kan. "Mi ò rántí, ọ̀rẹ́ mi. Àwàdà ni yóò jẹ́."

Ì bá sàn fún Norris ká ní Garth bú u. Ọwọ́ Garth ṣì nà sílẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Norris gbé ìgò sí abíyá, ó kọjá lára Una tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, ó sì lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Coralie lọ síbi yàrá irinṣẹ́ láti bu díẹ̀ fún Una, ó bá a ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Norris. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá ọmọ wọn tó ti lọ sílé ọkọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Garth kú. Norris lọ síbi ìsìnkú, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Kò sẹ́ni tó pè é ní Koríko. Kò sẹ́ni tó pè é ní ohunkóhun. Ó ránṣẹ́ sí àwọn arúgbó mẹ́ta náà pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé òun ní Sọ́ńdè, ó to àga, ó to bísíkíìtì. Títí oòrùn fi wọ̀, wọn ò wá. Ó dá fa tirẹ̀. Ó dára. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Ní Òkítóbà, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún hóró tuntun nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé sílé Una. Wọ́n yọ ọgbà onípákó, wọ́n ń ri òpó irin gíga mọ́lẹ̀ fún ọgbà tuntun. Norris sáré lọ bá wọn.

"Una! Apá ibẹ̀ ni oòrùn mi ti ń wá o!"

"Mo mọ ibi tó ti ń wá," ni Una dáhùn. "Ogójì ọdún ni mo fi ṣe ìyàwó Garth. Mi ò fẹ́ máa rí ojú ẹ, Norris." Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ fi kún gíga rẹ̀ sí i."

Lọ́dún náà, láti aago méjì ọ̀sán ni òjìji ti ń bo ilẹ̀ Norris. Àwọn igi náà tín-ín-rín, wọ́n ga, wọ́n tẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ kù sí. Ní Épírì, òdòdó orí wọn kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ.