Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Dákẹ́?

Àbíkẹ́yìn tún tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí módẹ́mù, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ okùn tẹlifóònù, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fọwọ́ ara wọn ṣe máa hó yẹ̀ẹ̀, tí á sì dákú. Ọ̀gá tó fẹ́ rà á, tó ń fi okùn tẹlifóònù ta íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ń wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Bí kò bá rà á lónìí, ṣọ́ọ̀bù tẹ̀gbọ́n-tàbúrò di títì pa nìyẹn.

"Ẹ ní ó yá ju tàtijọ́ lọ," ọ̀gá náà sọ. "Èmi ò tíì rí eré kankan o."

"Ó yá, sà. Tàtijọ́ ń pín okùn sí méjì ni: ẹni ibí ń lo ohùn ìsàlẹ̀, ẹni ọ̀hún ń lo tòkè. Ìdajì ọ̀nà ni kálukú ní. Tiwa, àwọn méjèèjì ń lo gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà."

"Wọn ò ní kọlu ara wọn?"

"Gbohùngbohùn ara rẹ̀, ohùn tirẹ̀ tó ń padà wá bá a, ló ń da ẹ̀rọ láàmú, sà. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, á yọ ọ́ kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ti ẹnì kejì ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yé e. Kí ẹ̀rọ tó lè mọ gbohùngbohùn tirẹ̀, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ panu mọ́ ná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í panu mọ́. Láti kékeré ni, èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, á ti bá a parí ọ̀rọ̀. Ó dájú pé ó ń tẹ bọ́tìnnì kó tó kàn án. Ẹ̀rọ ibí wá ń gbọ́ ohùn tọ̀hún, ó rò pé tòun ni, ó ń yọ ọ́ dà nù.

Ó gbé tẹlifóònù kejì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí tèmi kọ́kọ́—"

"Mo ti mọ̀! Wáyà ni! Tún un so!"

"Kì í ṣe wáyà, bọ́tìnnì yẹn lẹ ń—"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Mo ní tún un so!"

Ọ̀gá náà dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀.

"Dákẹ́!" ni Àbíkẹ́yìn pariwo. "Dákẹ́ jàre! Má fọwọ́ kan nǹkan kan!"

Kò sí "ẹ" níbẹ̀, kò sí "jọ̀ọ́", níṣojú oníbàárà. Kẹ́kẹ́ pa lọ́hùn-ún. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló máa fi lọlẹ̀ lọ bá a; ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó tẹ bọ́tìnnì. Módẹ́mù ké, òun nìkan, ó sì dúró. Tọ̀hún náà ké, òun nìkan. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jọ hó, iná orí ẹ̀rọ tàn, kò sì kú mọ́. Àwòrán tó máa ń rọra yọ bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ti kún ojú kọ̀ǹpútà kí ọ̀gá tó jókòó padà.

"Mo rà á," ni ọ̀gá wí.

Àbíkẹ́yìn ò tiẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ó gbé tẹlifóònù sétí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó dùn ún dé ọkàn. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo jẹ̀bi." Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ tọ̀hún ti ń wọlé lórí okùn kan náà, tẹnì kan ò sì dí tẹnì kejì lọ́wọ́:

"Ìwọ lo jàre. Àmọ́ tí mo bá débẹ̀, wàá bẹ̀ mí."