Búùṣì Tó Ń Kọrin

Agogo ni wọ́n ń dà nílé wa. Màámi ló ni iná tá a fi ń yọ́ idẹ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gá elétí. Ẹ fún un ní ṣíbí lásán, á kàn án, á tẹ́tí, á mi orí bíi pé ṣíbí náà sọ àṣírí fún un.

Ṣùgbọ́n ta ló tún ń ra agogo? Iná wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán nígbà tí ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe wọlé. Ó fẹ́ búùṣì, òrùka idẹ tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀. Ó ní ká da ẹyọ kan wò. Bó bá dára, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ di tiwa. Bí kò bá dára, ó dìgbóṣe, ká ti ilẹ̀kùn.

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ń da tánńganran sórí bàbà bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ ọ̀tá.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti pọ̀ jù," mo ní. "Agogo ló ń fẹ́ tánńganran tó yẹn, kó lè le kó sì dún. Búùṣì tó bá le báyìí, yíya ló máa ya. Ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ fi òjé díẹ̀ sí i, kó lè máa yọ̀ lára ọ̀pá."

"Òjé? Kó wá máa dún bí igbá tó sán?"

"Ẹ̀rọ omi ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin."

"Aláròyé. Ta ló kọ́ ìwọ níṣẹ́?"

"Ojú mi ni."

Màámi ní kí n fi í sílẹ̀, pé idẹ tí kò dún kò tíì jáde nílé òun rí. Ìyá àtọmọ, etí kan náà.

Nígbà tí búùṣì jáde nínú iyanrìn tá a dà á sí, ẹ̀gbọ́n mi so ó kọ́, ó kàn án. Ó kọrin. Màámi dijú. Ó kù díẹ̀ kí n wá àga fún àwọn òǹwòran.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbé ẹ̀rọ omi kan dé, kò béèrè orin. Ó gbé búùṣì sẹ́nu ihò ẹ̀rọ, ó fi pákó lé e, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Búùṣì là sí méjì bíi bísíkíìtì.

"Ṣé ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi bi í. Ojú kò tì í.

"Omi ni mò ń fà, ọ̀gá." Ó ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mo dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fún wa dìrọ̀lẹ́."

"Ta ló máa dà á?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àjà.

"Èmi ni. Àmọ́ mi ò fẹ́ elétí kankan nítòsí."

"Èmi náà ńkọ́?" Màámi bi mí.

"Ẹ̀yin gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síta."

Ó wò mí títí mo fi rò pé ìgbátí ń bọ̀. Ó gbé àga, ó fa ọmọ rẹ̀ láṣọ, wọ́n jáde.

Mo dín tánńganran kù, mo fi òjé díẹ̀ sí i. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, tèmi wọ ihò láìya. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó fọwọ́ yí i, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kí n máa da ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ́ wọlé, ó fi ìka kàn án. "Kò dún rárá," ó ní, bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi kó èédú wá."

Ó lọ kó o.