Òṣìṣẹ́ Tí Kò Ní Fọ́tò

Ọlọ́run Ọba ló ń dá ẹ̀dá; ọ̀gá Nasser ló ń pa wọ́n rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà.

Nasser, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí sí Koumassi, olórí àwọn oníkọ̀ǹpútà ní yunifásítì aládàáni kan ní Marcory, ní Àbíjàn! Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn kó tó béèrè ẹni tó wà nínú ilé! Àfínjú tó gbálẹ̀ títí, tó gbá ìyàwó ilé síta! Ó ní òun ń lé òṣìṣẹ́ iwin, àwọn tí orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ. Gbogbo orúkọ tí kò ní fọ́tò àti ọjọ́ ìbí, ó pa á rẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ènìyàn. Orúkọ tí ẹ̀rọ ilé-ìkàwé fi ń wọlé wo àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí kò ṣe sí mọ́, ẹ̀rọ ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, kò sì yá ẹnikẹ́ni níwèé. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ramatou, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, gun òkè lọ, ó kúnlẹ̀, nítorí ọ̀gá yìí, ẹ̀gbọ́n ilé ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, kì í ṣe ènìyàn."

"Kí ló wá ń ṣe láàárín àwọn ènìyàn mi?"

"Òun ló ń jẹ́ kí ìwé jáde. Tótó, ó ṣe bí òwe: a kì í torí eku dáná sun ilé."

"Òwe lo fẹ́ fi bo iwin mọ́lẹ̀? Fọ́tò rẹ̀ dà? C'est fini, ó parí!"

Ramatou sọ̀kalẹ̀. Ó kírun ọ̀sán, ó tọrọ ìdáríjì sílẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ. Eléyìí ti sìn wọ́n lọ́dún mẹ́fà láìlórúkọ gidi. Ó sọ ọ́ ní Àtàndá Moufoutaou, ọmọ bíbí Gonzagueville, ó fi ọjọ́ ìbí àti ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ sí fọ́ọ̀mù. Fọ́tò bàbá àgbà tòun Ramatou fúnra rẹ̀, tó ti dolóògbé tipẹ́, ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé e gòkè lọ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá wò ó. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ènìyàn rèé. Ojú ẹ̀ jọ ojú ọmọlúàbí."

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ méjì, ìwé tún dá dúró. Ọ̀gá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

"Ramatou, Àtàndá yìí ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá! Ọdún mẹ́fà, kò lọ congé rí! Ìkà ni yín níbí. Mo ti ti orúkọ ẹ̀ pa fóṣù kan, kó lọ sinmi."

Ramatou gbé ojú sókè sí Olúwa rẹ̀. "Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ń bẹ tó lè dúró fún un. Húsnà."

"Ó mọṣẹ́?"

"Bí Àtàndá gẹ́lẹ́. Kì í sọ̀rọ̀, kì í jẹun, kì í ráhùn."

Ọ̀gá tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ó ti lọ́kọ?"

"Ẹ kọ ọ́ wọlé ná, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdánwò tán."

Ọ̀gá fò sókè àtẹ̀gùn bí ọmọ ogún ọdún. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ìwé ti tún ń jáde.