Oúnjẹ Ẹ̀gbẹ́ Maṣíìnì

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí télọ̀ àgbà bẹ̀rẹ̀ oògùn ìtọ̀ ṣúgà tuntun. Ó ń rìndọ̀, ìgbẹ́ gbuuru kò sì jẹ́ kó lè wọ bọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Ó fẹ́ rí ìkókó náà. Ká sòótọ́, ìyá àgbà ìkókó ni ojú rẹ̀ ń wá jù.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Màá pa oògùn yìí tì, kí n lè wá."

"Bàbá wọn, nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa jẹun kí ẹ tó lò ó. Ṣé ẹ̀ ń jẹun?"

"O mọ̀ pé mi ò kì í jẹun àfi tí mo bá rán aṣọ àkọ́kọ́ tán."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ńlá! Ta ló ń gbé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì yín láràárọ̀, ṣé kì í ṣe èmi ni? Ẹ̀ ń rán aṣọ, ẹ̀ ń jẹ ẹ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni!"

Ó wo ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì; kò sí àwo kankan níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé búrẹ́dì àti ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì fúnra rẹ̀, á jẹun tán kó tó lo oògùn. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, inú rẹ̀ ti rọlẹ̀. Oúnjẹ náà ni kò dùn, nítorí kì í ṣe ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e wá.

Ó bo maṣíìnì, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì.