Kọ̀ǹpútà Bàbá Ìdọ́gba Kún

Ìyá Aránṣọ yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ayàwòrán àdúgbò, ó sì fi ya fídíò bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là, tí wọ́n á sì rán an mọ́ ọrùn ẹ̀wù láìkákò. Àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Àfi kó tètè kó o sínú kọ̀ǹpútà ilé, nítorí ayàwòrán ń bọ̀ wá gba kámẹ́rà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó níṣẹ́ ìgbéyàwó lọ́wọ́, ó sì ti sọ pé gbogbo ohun tí òun bá bá nínú rẹ̀ lòun máa pa rẹ́.

Ìyá Aránṣọ so wáyà mọ́ ọn, ó tẹ ibi tó yẹ ní títẹ̀. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé kò sí àyè.

"Kò sí àyè bí ti báwo?" Ó ké sí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fóònù. "Wá bá mi wo nǹkan yìí. Ẹ̀rọ tó tóbi tó báyìí, kí ló jẹ tó fi yó?"

Ọmọ náà jókòó, ó yẹ inú ẹ̀rọ wò síwá-sẹ́yìn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, bàbá wa ni kí ẹ bi."

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì, níbi tó ti ń pín lẹ́tà sínú àpótí oníkálukú. Bàbá Ìdọ́gba ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí bí bisikíìtì kan bá ṣẹ́kù, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó lè kárí. Nínú kọ̀ǹpútà náà, ó ti ṣí àpò kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún, láti orí àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn. Fídíò ìgbéyàwó òun àti Ìyá Aránṣọ wà nínú gbogbo àpò. Àwòrán ìgbà tí wọ́n ń kọ́lé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kódà, fídíò ibi tí ewúrẹ́ alájọgbé ti ń jẹ fìlà rẹ̀, kò sí ọmọ tí kò ní tirẹ̀.

"Bàbá, ọ̀kan ti tó nínú gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká pa yòókù rẹ́."

"Inú àpò ta ni ọ̀kan yẹn á wà?" Bàbá bi í láti orí àga. "Mo pín ogún yín kí n tó kú, kí ẹ má baà pín ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn mi."

"Ta ló máa jà nítorí ewúrẹ́ tó ń jẹ fìlà?"

"O ò tíì mọ ayé."

Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Fọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé e pamọ́ pé òun ni àgbà, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ àbúrò ní kó gbé e wá kí òun náà wò ó, ni wọ́n bá di o-ò-rí-mi-n-ò-rí-ọ títí ẹ̀gbọ́n fi papò dà. Títí dòní, ọkọ rẹ̀ kò fojú kan fọ́tò náà mọ́.

Síbẹ̀, àánú ọkọ ò ní kí kọ́là òun ṣègbé. Ó tún tẹjú mọ́ àwọn àpò náà.

"Bàbá Ìdọ́gba, tèmi dà?"

"Tìẹ èwo?"

"Àpò tèmi. Èmi tí wọ́n gbé níyàwó nínú fídíò yẹn. Èmi tí mo bí àwọn onípìn-ín."

Àbígbẹ̀yìn fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, bí ẹni pé àpò náà á yọjú bí awò bá mọ́.

"A kì í pín nǹkan fún onílé," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ lo nilé."

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ èmi ni mo nilé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Èwo nínú wọn ló máa wá bá ìyá rẹ̀ jà? Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá sílé."

"Bí ìwọ náà bá kú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi dáyé. Ẹ jẹ́ kí n simi."

Nígbà tí ayàwòrán fi máa kanlẹ̀kùn, àpò Ìyá Wọn ti wà, gbogbo nǹkan sì ti wọ inú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá fúnra rẹ̀ ló pa àwọn yòókù rẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ní kò sí àyè.

"Inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣì wà, Bàbá," àbígbẹ̀yìn wí. " Wọn ò tíì jáde nílé. Ẹ dà á nù."

"Mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ná."

"Ìyá Aránṣọ," ayàwòrán ké láti ìta, "ọkọ ìyàwó ń dúró o."

"Kó dúró. Èmi náà dúró de ọkọ rí."

Kò gba máòsì lọ́wọ́ bàbá. Ó fa àga, ó jókòó tì í. Ọkọ rẹ̀ ń wo apẹ̀rẹ̀ náà bí ẹni ń sinni ní ibùdókọ̀.

"Bí àwọn ọmọ bá bi mí…"

"Ẹ ní ọwọ́ mi ló wà."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Apẹ̀rẹ̀ ṣófo, fídíò kọ́là sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyá Aránṣọ dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún ayàwòrán. Nígbà tó padà, ọkọ rẹ̀ ti gbé fóònù sétí, ó ń pe àkọ́bí.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀ wá wo fídíò ìgbéyàwó wa? Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ló wà. Àbúrò rẹ ni mo máa pè tẹ̀ lé ọ."