Orúkọ Tó Wà Nídìí Abọ́

Ike ni wọ́n fi ń jẹun nílé Ajíbádé Afọláyan ní Emùré. Abọ́, ṣíbí àti tíréè tí wọ́n fi fàdákà bò wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n jẹun. Àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ló ń lò wọ́n láyé àtijọ́ nílé ìgbàlejò ìjọba. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ilé náà tì, àwọn kúùkù tó ń dáná níbẹ̀ kó ẹrù inú wọn lọ sílé. Láti ìgbà tí Ajíbádé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé ló ti ń wá wọn kiri. Ní Ìgbàrà-Odò, ó bá ìyá kan tó ń sá ẹ̀gúsí sínú tíréè. Ó ra kúlà tuntun fún un, ó gbé tíréè lọ. Inú àwọn méjèèjì dùn, oníkálukú rò pé òun ti rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Ilé-ìwé gíga kan fẹ́ ṣí yàrá ìṣẹ̀ǹbáyé. Ajíbádé fẹ́ kí wọ́n gba àkójọ òun, kí wọ́n sì kọ orúkọ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ òun lè kà á. Ẹ̀rí rẹ̀ pé ẹrù òyìnbó ni wọ́n ni adé ọba Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́tà P.W.D., ti ẹ̀ka iṣẹ́ òde, tí ìjọba ìgbà náà tẹ̀ sídìí ohun kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n wá wò ó, ó lọ sí Ìlásà nítorí jọ́ọ̀gì wàrà kan. Ó sùn síbẹ̀ títí olóhun fi gbà. Àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ló padà.

Ìyáàfin Motọ́láyọ̀ láti ilé-ìwé náà gbé abọ́ kan, ó yí ìdí rẹ̀ sókè.

“Bàbá, orúkọ yín ló wà níbí.”

“Ẹ wo òmíràn.”

“Orúkọ yín náà ni, sà.”

Florence, ìyàwó rẹ̀, ló ṣàlàyé. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ọkọ òun fi wà ní Ìlásà, abọ́ kò tó, òun sì yá wọn ní tilé. Obìnrin wo ni yóò gbé abọ́ lọ síbi àsè láìkọ orúkọ sí i? Àwọn mìíràn ń fi ọ̀dà kọ ọ́, òun kò fẹ́ iṣẹ́ jákujàku. Ó gbé wọn fún Ìgè, alágbẹ̀dẹ góòlù. Ìgè ní àyè kò sí, àfi kí òun họ adé àti lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kúrò.

“Mo ní kó họ ọ́ dáadáa, Bàbá Àánú. Ẹrù ìjọba nínú ulé wa? Kí wọ́n wá ní a jalè? Ẹ kà wọ́n, ṣíbí kan ò sọnù.”

Òótọ́ ló sọ. Ṣíbí kan kò sọnù.

Motọ́láyọ̀ ní àwọn abọ́ náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n abọ́ ilé Afọláyan ni wọ́n, yàrá náà kò sì gba ẹrù ilé. Jọ́ọ̀gì wàrà nìkan, tí wọn kò tíì tú kúrò nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e, ló ní àmì. Ìyáàfin náà gbà á tayọ̀tayọ̀. Ajíbádé béèrè ohun tí wọ́n máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Motọ́láyọ̀ ní ibi tí wọ́n ti rí nǹkan nìkan ni àwọn ń kọ: Ìlásà-Èkìtì.

Nígbà tí ọkọ̀ àlejò lọ tán, Florence gún iyán. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, abọ́ fàdákà ló bu ọbẹ̀ sí. Ajíbádé ti ìka bọ abẹ́ abọ́ náà, ó fọwọ́ ba orúkọ rẹ̀. Ìgè mọ iṣẹ́. Gbogbo lẹ́tà náà ló jinlẹ̀, wọn kò ní parẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kà á. Ó ṣanwọ́, ó bu òkèlè.