Fáìlì Omi Ẹlẹ́yẹlé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń dùn mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú nínú, kó wo bó ṣe ń lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ ìwé. ÀṢÍRÍ! Lọ́dún 1984 yẹn tí sójà ń ṣèjọba, ọ̀gá yìí, ní iléeṣẹ́ omi kan ní Ring Road, ti lu ú mọ́ ìwé ìsinmi òṣìṣẹ́, ó ti lu ú mọ́ ìwé tí wọ́n fi béèrè fún ìgbálẹ̀. Láwùmí, akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì, ló mọ èyí tó jẹ́ àṣírí lóòótọ́ nínú wọn. Kò tó mẹ́wàá.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni Bàbá Hàrúnà, olórí àwọn apẹja Ẹlẹ́yẹlé, wọlé wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tó sé omi Ẹlẹ́yẹlé? Lọ́dún tó kọjá, ẹ ò sọ fún wa, omi sì gbé àwọ̀n wa lọ."

"Àṣírí ìjọba ni." Adéróunmú na ọrùn bí àgbò ọdún. "Àwọn ọ̀tá ń tẹ́tí."

"Ọ̀tá wo, sà? Ọ̀bọ̀kún àbí àrọ̀?"

Láwùmí fọwọ́ bo ẹnu. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní iléeṣẹ́ wọn, bí ìwé àṣírí kan ṣoṣo bá wọ inú fáìlì, gbogbo fáìlì náà di àṣírí. Ọ̀gá ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ki ìwé tó sọ ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń dúró sí, nídìí ògiri tí wọ́n fi sé omi, sínú fáìlì ọjọ́ tí omi máa ṣí. Bí Láwùmí bá dá yọ ìwé kankan nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ó ti búra pé òun ò ní tú àṣírí. Bó bá sì dákẹ́, omi yóò tún gbé àwọ̀n àwọn apẹja lọ.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀rù ń bà mí o," ló wí. "Inú fáìlì tí gbogbo ẹnjiníà ń gbà lọ́wọ́ mi ni ìwé ẹ̀ṣọ́ yẹn wà. Ṣé kò yẹ kó ní fáìlì tirẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò máa wà lápò yín?"

Ojú Adéróunmú là. "Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà. Ìwé ọjọ́ tí omi máa ṣí ló máa kù, kí ẹ fọwọ́ sí i, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo etí omi. Orúkọ yín á wà níbẹ̀ gàdàgbà."

Ọ̀gá wúkọ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ó ti wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀." Irọ́ náà bá a lára mu bí ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀n ọ́n rán. Ó fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ gba ìdajì ìwé. Lójú rẹ̀ ni Láwùmí ti ka ọjọ́ náà fún Hàrúnà: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀.

Inú bàbá dùn dé ibi tí ojú ò ti tì í mọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ fún Láwùmí. "Ìyá mi, ẹ kúkú bá mi parí oore yìí. Níbo làwọn ẹ̀ṣọ́ ń dúró sí? Ẹja pọ̀ nídìí ògiri yẹn o."

"Bàbá, ìyẹn ò kàn yín."

"Díẹ̀ báyìí."

"Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹni tó fẹ́ fọ́ ògiri yóò fi ife tíì kan gbà á lẹ́nu yín. Ta lomi yóò kọ́kọ́ gbé?"

Hàrúnà rò ó wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi mà ni o!"

Ó sáré lọ wọ takisí. Ọgbọ̀n àwọ̀n ló wà nínú omi, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì ní láti kó wọn.